Yìgì Tí Wọ́n So Nínú Fíìmù

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì Mùsílímátù àti Alhaji. Orí ẹní ni mo jókòó sí, lẹ́yìn Àáfà Salman, mo sì ń ṣe àmín níbi tó yẹ kí n ti ṣe é. Bí ẹ bá rí fíìmù náà, èmi ni mo dé fìlà aláwọ̀ ewé tí kámẹ́rà gé orí rẹ̀ sí ìdajì. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi, nítorí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti sọ ọ́ di oríṣiríṣi, kò sì sí èyí tó pé nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Mùsílímátù fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa kọ ọ́ báyìí. Tẹ́lẹ̀, ó ní kí n dúró.

Mùsílímátù kì í ṣe eléré. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún 1998, ó fi ọmọbìnrin kan, Toyyibah, sílẹ̀ fún un. Ó yan ẹja tà fún ọdún mẹ́ta, ojú rẹ̀ pọ́n fún èéfín, lẹ́yìn náà ló ra ọkọ̀ gígùn kan tó ní ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ọjọ́ ọjà Ejìnrìn ló máa ń kó èèyàn àti ẹrù láti Ẹ̀pẹ́ lọ síbẹ̀, tí á sì kó wọn padà. Ìdí ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, ọwọ́ kan lórí ẹ́ńjìnnì, kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní fajú ro. Bí èrò bá ń pariwo jù, á kàn máa wo ojú omi títí onítọ̀hún á fi dákẹ́. Mo ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Oṣù kẹta ọdún 2004 ni àwọn onífíìmù dé láti Ìkòròdú. Adéòjó ni orúkọ ọ̀gá wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í bọ́ fìlà. Ìtàn tó gbé wá dá lórí obìnrin etí ọ̀sà kan tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tí kò sì foríbalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti háyà ọkọ̀ Mùsílímátù láti fi gbé kámẹ́rà. Eléré obìnrin tó máa ṣe olórí fíìmù náà dé láti Ìkẹjà pẹ̀lú báàgì mẹ́ta. Ó wo omi, ó wo ọkọ̀, ó wá béèrè bóyá kò sí afárá. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó báàgì rẹ̀, ó wọ mọ́tò padà sí Ìkẹjà.

Adéòjó jókòó sí èbúté, ó fọwọ́ lérán. Ẹni tó ń di kámẹ́rà mú wá fi ohun tó ti ń yà hàn án láti àárọ̀. Mùsílímátù ni, ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láìmọ̀ pé ẹnì kan ń ya òun. Adéòjó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde.

"Màdáàmù, ṣé ẹ lè ṣe bí ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni?"

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é?"

"Bí ẹ ṣe wà yẹn gan-an. Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Bó ṣe di olórí fíìmù nìyẹn. Ìtàn náà dùn mọ́ ọn títí ó fi béèrè bó ṣe máa parí. Adéòjó ní nínú apá kìn-ín-ní, Alhaji olówó kan máa fẹ́ ẹ, á sì ní kó fi ojú omi sílẹ̀. Nínú apá kejì, á ní òun ò ní fi í sílẹ̀, Alhaji á kọ̀ ọ́, ìyà á jẹ ẹ́, á wá kúnlẹ̀ ní pálọ̀, á bẹ Alhaji, Alhaji á sì gbà á padà.

"Kí ló máa mú mi kúnlẹ̀?" Mùsílímátù bi í.

"Bí àwọn èèyàn ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn, màdáàmù."

Adéòjó ò parọ́. Láwọn ọdún yẹn, obìnrin tó dá dúró pọ̀ nínú fíìmù àgbéléwò bí iyanrìn. Ẹ ó rí i tó ń wa mọ́tò ara rẹ̀, tó ń pàṣẹ fún ọkùnrin ní ọ́fíìsì, tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò wa á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un fún wákàtí kan ààbọ̀. Bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, á kúnlẹ̀, á máa sunkún, orin á sì wọlé. Inú máa ń bí mi. Mi ò tíì rí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lójú omi tí ayé rẹ̀ tò nítorí pé ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mùsílímátù ò bá Adéòjó jiyàn ní tirẹ̀. Ó ní kí àwọn ya apá kìn-ín-ní ná.

Adéòjó fẹ́ràn kí nǹkan jọ òótọ́, kò sì fẹ́ràn ìnáwó. Nígbà tó di ọjọ́ yìgì, Àáfà Salman tòótọ́ ló ní kó wá so ó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kéwú dé, tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lára ìwé. Bàbá Ọláògún, bàbá Mùsílímátù, ló ṣe bàbá ìyàwó. Bàbá arúgbó yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n bi í bóyá á lè ṣe é, ó ní ṣebí ọmọ òun náà ni. Ọkùnrin tó ṣe ọkọ ìyàwó wá láti Ìgbògbò, nítòsí Ìkòròdú, ó wé láwàní funfun, ó ga, kíkí rẹ̀ sì dùn mọ́ àwọn àgbà. A ò mọ orúkọ rẹ̀. Adéòjó ti kà á léèwọ̀ kí wọ́n máa pe eléré lórúkọ tirẹ̀ níbi iṣẹ́, kí eré má baà bọ́ lára wọn. Alhaji ni gbogbo wa ń pè é, àní nígbà tó bá ń béèrè ilé ìtọ̀.

Àáfà Salman ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré. Ó ka wáàsí yìgì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Adéòjó ń pariwo "kọ́ọ̀tì, kọ́ọ̀tì," pé kó dá a dúró, Àáfà ò gbọ́, ó ní wọn kì í gé e láàárín. Bàbá Ọláògún fa ọmọ rẹ̀ fún Alhaji pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Alhaji ní òun gbà á. Ẹlẹ́rìí jókòó lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n gbé sàdáàkì kalẹ̀, Kùránì elétí wúrà kan àti ẹní ìkírun, nígbà tí a sì parí, Adéòjó ní kí Mùsílímátù máa mú un lọ. Wọ́n wá gbé oúnjẹ wọ yàrá fún Alhaji àti bàbá ìyàwó, àwọn méjì péré, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti di tòótọ́. Àwa yòókù jẹun níta lábẹ́ igi.

Oṣù kẹsàn-án ni apá kìn-ín-ní jáde. *Obìnrin Etí Ọ̀sà* ni wọ́n pè é. Kò sí ilé tí wọn ò ti wò ó ní Ẹ̀pẹ́. Apá kejì ò jáde rárá. Wọ́n ní Adéòjó ti lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn.

Ní àkókò yẹn kan náà, ọ̀ràn kan wà lọ́rùn Mùsílímátù tí kì í ṣe eré. Súbérù, ọlọ́jà ẹja kan tó ní ọkọ̀ ńlá mẹ́ta àti ìyàwó méjì, fẹ́ ẹ ṣe ìkẹta. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Mùsílímátù ti ní òun ò fẹ́. Súbérù ò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń lọ. Tìrìmísíyù ni ẹ̀gbọ́n yìí, òun ló ń darí ilé láti ìgbà tí ara bàbá wọn ti rẹ̀. Súbérù sì sọ tirẹ̀ síta: ìyàwó òun kì í rin ojú omi. Bó bá ti wọlé òun, kí ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Tìrìmísíyù.

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn ti dé ni Tìrìmísíyù ti ń wò ó. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí, wọ́n mú ọjọ́, ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀.

"Mo ti ní mi ò fẹ́ ẹ, Bọ̀dá mi," ni Mùsílímátù wí níwájú gbogbo wọn.

"Èyí kì í ṣe fíìmù o," Tìrìmísíyù dá a lóhùn. "Fíìmù ti parí. O ti wá rò pé ìwọ lobìnrin yẹn?"

Bàbá wọn jókòó sórí àga, ó ń wo ilẹ̀. Ohun tó sọ ò ju pé, "Ẹ ti sọ̀rọ̀." Ó dun Mùsílímátù ju ohun tí Súbérù ṣe lọ. Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ yẹn, bí òun bá ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́, òun á jókòó tì í díẹ̀, òun á máa fọwọ́ pa á lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Kò bẹ̀rù rí.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Àáfà Salman kó wá gbọ́ ọjọ́ yìgì. Ó wá, ó jókòó, ó gbọ́ orúkọ ìyàwó.

"Ẹ foríjì mí," ó ní. "Mi ò lè so yìgì lórí yìgì."

Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Kò ṣe àwàdà. Ó ní òun wo fíìmù náà nílé àbúrò òun, oorun ò kùn òun lóru ọjọ́ náà.

"Eré ni, Àáfà!" Tìrìmísíyù fò dìde.

"Mo mọ̀ pé eré lẹ pè é. Ṣé bàbá fa ọmọ wọn sílẹ̀ àbí wọn ò fà á? Ṣé ọkọ gbà àbí kò gbà? Ṣé ẹlẹ́rìí wà ńbẹ̀? Sàdáàkì ńkọ́? Níbo ni Kùránì yẹn wà báyìí?"

Kùránì yẹn wà níbi ìgbèrí Mùsílímátù. Gbogbo ilé mọ̀.

"Yìgì ò ní eré nínú," ni Àáfà wí. "Bí ẹ fi ṣe ẹ̀rín, ó so náà ni."

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Lèmọ́ọ̀mù àgbà. Bàbá yẹn fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ní ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò lórí irú rẹ̀, àmọ́ kí àwọn ṣọ́ra ló dáa. Kí wọ́n lọ wá ọkùnrin náà, kó sọ pé òun kọ̀ ọ́, kò ju gbólóhùn kan lọ, ká sinmi. Tìrìmísíyù ní òun á gbéra lọ́jọ́ kejì. Ìgbà yẹn ni Bàbá Ọláògún lanu.

"Òun nìkan ni yóò lọ."

"Bàbá, obìnrin ni, kò mọ ibì kankan n'Ìkòròdú…"

"Ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ lọ bá sọ̀rọ̀. Ṣé ìwọ lo ní ọkọ ni? Òun nìkan."

Ó ya gbogbo wa lẹ́nu. Bàbá tí kì í dá sí nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú kan, kété lẹ́yìn àsùbáà, Mùsílímátù wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde láti Ẹ̀pẹ́. Ó ní bí ìrìn àjò náà bá jẹ́ ìkẹyìn òun lójú omi, kó kúkú gùn. Ó gba iwájú Ejìnrìn kọjá, ó ń tọ etí ọ̀sà lọ, oòrùn ti mú dáadáa kó tó dé Ìpakòdò, èbúté Ìkòròdú. Ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ ibẹ̀, ó fi ẹnì kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ṣọ́ ọ, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbògbò. Páálí sídíì fíìmù náà wà nínú báàgì rẹ̀. "Alhaji Láwàní" nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún ọkùnrin náà. Ó fi hàn níbi tí wọ́n ti ń háyà sídíì, ẹni tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín, ó júwe ilé kan fún un nínú ẹ̀sítéètì tó wà lẹ́yìn ilé ìwé.

Kò bá wọn nílé. Aládùúgbò ní kó jókòó, wọn ò ní pẹ́ dé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ tò. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán, mọ́tò kan wọlé. Alhaji sọ̀ kalẹ̀. Kò wé láwàní. Kóòtù ló wọ̀, ó so táì mọ́ ọrùn, Bíbélì ńlá kan wà lábíyá rẹ̀.

Mùsílímátù kúnlẹ̀ kí i, ojú rẹ̀ ò kúrò lára Bíbélì náà. "Ẹ káàsán, sà. Ṣé ẹ dá mi mọ̀?"

"Háà! Ìyàwó mi!" ọkùnrin náà pariwo. Obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì yí ọrùn padà kíá.

Festus ni orúkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń kọrin nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọjọ́ Sátidé ló máa ń ya fíìmù. Fọláwùmí ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, aago márùn-ún ìdájí ló máa ń jáde nílé. Wọ́n mú un wọ pálọ̀, wọ́n fún un lómi, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́: yìgì, Àáfà, Súbérù, ọkọ̀. Fọláwùmí rẹ́rìn-ín títí ó fi tú gèlè rẹ̀.

"Ó mà ṣe o. Mo ti ní orogún l'Ẹ̀pẹ́ mi ò mọ̀."

Àánú ṣe Festus ní tirẹ̀. Ó gbé Bíbélì kalẹ̀, ó dìde dúró bí ìgbà tí kámẹ́rà bá wà níwájú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Mo máa sọ ọ́ báyìí. Mo kọ̀—"

"Ẹ dúró, sà!" Mùsílímátù nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan."

Ọmọ ilé-kéwú tó kéré jù lọ mọ̀ pé yìgì ò so láàárín obìnrin Mùsùlùmí àti ọkùnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Bíbélì tó wà lórí tábìlì yẹn ti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Bí Mùsílímátù bá padà sí Ẹ̀pẹ́ tó sọ ohun tó rí, kò sí ọkọ kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Súbérù sì ń dúró. Ó ní òun jókòó lórí àga olówó ńlá yẹn, òun ń ro ó, òun sì mọ̀ pé irọ́ tí òun ò dá sílẹ̀ ló ń gba òun sílẹ̀.

"Bí ẹnikẹ́ni bá wá láti Ẹ̀pẹ́," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ẹ ò kọ̀ mí."

Festus wo ìyàwó rẹ̀. Fọláwùmí ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọkọ̀ inú fíìmù yẹn," Fọláwùmí béèrè, "ṣé tìẹ ni lóòótọ́?"

"Tèmi ni, mà. Ó wà ní Ìpakòdò báyìí."

"Ta ló wà á wá?"

"Èmi náà ni, mà."

Fọláwùmí yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Dádì Dùnsìn, ẹ ò kọ̀ ọ́ o. Ẹ gbọ́ mi?"

Nígbà tó padà dé, ẹbí ti pé sílẹ̀. Tìrìmísíyù ò jẹ́ kó jókòó tán.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bọ̀dá mi. Mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀ nílé. Wọ́n fún mi lóúnjẹ."

"Ṣé ó kọ̀ ọ́?"

"Kò kọ̀ mí."

Ariwo ta. Tìrìmísíyù ní òun á kó ọkùnrin mẹ́rin lọ síbẹ̀ lọ́la. Bàbá Ọláògún kan ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ fẹ́ lọ bẹ àna mi kó wá kọ ọmọ mi? Kí ni wọ́n máa pè wá ní Ìgbògbò? Ẹnikẹ́ni tó bá lọ, kó má padà wọ ilé yìí."

Kò sí ẹni tó lọ. Súbérù dúró títí di iléyá, ó wá fẹ́ obìnrin mìíràn. Ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Wọ́n ń pe Mùsílímátù ní Ìyàwó Alhaji ní èbúté, á sì dáhùn. Mo bi í nígbà kan bóyá àìní ọkọ nílé kì í dùn ún. Ó ní ó máa ń dun òun nígbà mìíràn, pàápàá nígbà òjò. Ó ní àmọ́ òun mọ èyí tó máa dun òun jù.

Ọdún 2008 ni àìsàn dá Bàbá Ọláògún dùbúlẹ̀. Mùsílímátù ló ń fún un lóúnjẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì nìkan ló wà ní yàrá, ó ń bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?" bàbá béèrè.

"Ó wà, Bàbá."

"Ṣé ó ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Mùsílímátù.

"Lọ́jọ́ fíìmù yẹn," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè, "nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wọlé fún wa, ó dijú, ó gbàdúrà sí i ní orúkọ Jésù. Ó ti gbàgbé pé Alhaji ni òun. Èmi nìkan ni mo jókòó tì í. Mo ṣe àmín."

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Wọn ò bi mí." Ó mí díẹ̀. "Agbára mi ò ká ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́ ìgbà yẹn. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn jù. Mo ní kí ìwọ nìkan lọ, mo mọ̀ pé o ní ojú."

Mùsílímátù gbé abọ́ kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó ní kó kúnlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló wá fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó dìde, kó lọ wo ọkọ̀ rẹ̀, òjò ti ń ṣú.